Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa fún Àwọn Àgbà tí Kò Lè Wá sí Ilé Ìsìn Mọ́

Ẹ̀KỌ́ FÚN KÍLÁÀSÌ ÀWỌN ÀGBÀLAGBÀ

Ibi kíkà fún ẹ̀kọ́: 1 Sámúẹ́lì 30:9-10, 21-25, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 6:1-7, 1 Kọ́ríńtì 11:17-34

Ẹsẹ àkọ́sórí: 1 Kọ́ríńtì 10:17 (Kí gbogbo kíláàsì kà á pọ̀ láti inú Bíbélì.)

Kókó ẹ̀kọ́: Tábìlì Olúwa jẹ́ ti gbogbo ìjọ, àgbà tí ó wà nílé sì wà lára ìjọ náà.

Ète ẹ̀kọ́: Kí olúkúlùkù wa lè mọ ìdí tí ó fi yẹ kí ìjọ gbé Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa lọ bá àwọn àgbà tí kò lè jáde mọ́, kí a sì mọ bí a ó ti ṣe é létòlétò.

KÍKÀ BÍBÉLÌ OJOOJÚMỌ́

Ajé: Númérì 9:6-13
Ìṣẹ́gun: Orin Dáfídì 71:1-18
Ọjọ́rú: 1 Sámúẹ́lì 30:1-25
Ọjọ́bọ̀: 2 Sámúẹ́lì 9:1-13
Ẹtì: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 6:1-7
Àbámẹ́ta: Máàkù 2:1-12
Ọjọ́ Ìsinmi: 1 Kọ́ríńtì 11:17-34

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Oríòkè-Ìwàmímọ́ jẹ́ ìlú kan ní etíkun Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ tí kò tíì dé ibẹ̀ lè rò pé òkè gíga ni òun yóò bá. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ etíkun náà tẹ́jú, ó rọ̀, ó sì kún fún omi. Òkun ńlá ni ó wà níwájú rẹ̀. Ìjọsìn àti ìwà mímọ́ ni orúkọ náà ń sọ.

Ní etíkun yìí, ọkọ̀ ojú omi ni ènìyàn ń wọ̀ láti ìlú dé ìlú. Orí òpó ni a kọ́ ọ̀pọ̀ ilé sí, afárá pákó ni a sì ń tọ̀ láti ilé kan dé èkejì. Ọ̀dọ́mọkùnrin apẹja lè gba orí pákó tí ó ti ń jẹrà kọjá pẹ̀lú àwọ̀n léjìká, kí ó má tilẹ̀ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ro ti ìyá ẹni 80 ọdún tí orúnkún ń dùn, tí ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa mọ́. Bí pákó kan ṣoṣo bá yọ lórí afárá náà, ó ti tó láti sé e mọ́lé. Ó lè máa gbọ́ agogo ilé ìsìn láti orí ẹní rẹ̀, kí ó má sì lè débẹ̀.

Òkun pẹ̀lú ń fi kún ìṣòro yìí. Ní Àyétòrò, ìlú tí ẹgbẹ́ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, omi òkun ti gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé lọ. Nígbà tí ìdílé kan bá sì ṣí kúrò létíkun, wọ́n a kó bàbá àgbà dání lọ sí Ìgbókọ̀dá tàbí ibòmíràn lọ́dọ̀ ọmọ. Orúkọ bàbá ṣì wà nínú ìwé ìjọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ó máa ń jókòó sí ti ṣófo.

Kì í ṣe Ìlàjẹ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní Ìbàdàn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, àtẹ̀gùn ilé àti àrùn rọpárọsẹ̀ lè ṣe ohun tí omi ń ṣe létíkun. Ìyá tí ọmọ mú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti bá a tọ́jú ọmọ-ọmọ lè wà nínú ilé láti ìgbà òtútù dé ìgbà òtútù, láì rí ẹni tí ó gbọ́ èdè rẹ̀ tí yóò bá a gbàdúrà.

Ọ̀pọ̀ ìjọ wa máa ń jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ní Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù. Àwọn díákónì a gbé àwo búrẹ́dì àti ife kiri láti ìjókòó dé ìjókòó títí a ó fi sọ pé ó ti kárí. Ìbéèrè wa lónìí ni èyí: Ṣé ó kárí lóòótọ́? Ṣé ó tọ̀nà kí àwo náà jáde kúrò nínú ilé ìsìn lọ bá ẹni tí kò lè wá? Àwọn onígbàgbọ́ tòótọ́ kan wà láàárín wa tí wọ́n ń ṣiyèméjì lórí èyí, iyèméjì wọn kò sì yẹ kí a fi rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí Bíbélì fi kọ́ wa.

ÀLÀYÉ Ẹ̀KỌ́

1. Ìpín àwọn tí odò dá dúró (1 Sámúẹ́lì 30:9-10, 21-25)

Àwọn ará Ámálékì ti sun Síkílágì níná, wọ́n sì ti kó àwọn obìnrin àti ọmọdé lọ. Ọjọ́ kẹta ni Dáfídì àti àwọn 600 ọkùnrin rẹ̀ tó ti ìrìn àjò dé ibẹ̀. Wọ́n sọkún títí agbára fi tán nínú wọn, lẹ́yìn náà ni wọ́n lépa àwọn ọ̀tá. Nígbà tí wọ́n dé odò Bésórì, àárẹ̀ ti mú 200 nínú wọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò lè rékọjá. Àwọn 400 ni ó bá Dáfídì lọ. Ọlọ́run fún wọn ní ìṣẹ́gun, wọ́n gba gbogbo ohun tí wọ́n sọnù padà, wọ́n sì kó ìkógun bọ̀.

Ní ojú ọ̀nà ni àwọn ènìyàn búburú kan nínú wọn ti sọ pé kí a má fi nǹkan kan nínú ìkógun fún àwọn tí kò rékọjá. Kí olúkúlùkù kàn gba aya àti ọmọ rẹ̀, kí ó sì máa lọ. Dáfídì kọ̀. Ó ní Olúwa ni ó fi gbogbo rẹ̀ fún wọn, nítorí náà ìpín ẹni tí ó lọ sójú ogun àti ti ẹni tí ó dúró ti ẹrù gbọ́dọ̀ dọ́gba. Láti ọjọ́ náà ni ó ti di ìlànà ní Ísírẹ́lì.

Ẹ jẹ́ kí á kíyè sí ohun mẹ́ta níhìn-ín.

Èkínní, àwọn 200 náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n ti bá àwọn yòókù rin ìrìn kan náà, wọ́n sì sọkún kan náà. Agbára wọn ni ó kọ́kọ́ tán. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wa. Àwọn ni ó ru yanrìn nígbà tí a ń kọ́ ilé ìsìn. Àwọn ìyá yan ẹja, wọ́n tà á, wọ́n sì fi owó rẹ̀ ra páànù. Ẹni tí ó jókòó sábẹ́ páànù náà lónìí kò gbọdọ̀ sọ pé ẹni tí ó rà á kò sí nínú ìjọ mọ́ nítorí pé kò lè gun ọkọ̀.

Èkejì, àwọn tí ó dúró ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ẹrù ni wọ́n ń ṣọ́. Àgbà tí ó jí ní agogo mẹ́rin òwúrọ̀, tí ó ń dárúkọ àwọn ọmọ ìjọ níkọ̀ọ̀kan níwájú Ọlọ́run, ń ṣọ́ ẹrù wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ ewu tí irú àdúrà bẹ́ẹ̀ ti mú kúrò lójú ọ̀nà wa.

Ẹ̀kẹta, ẹsẹ 21 sọ pé Dáfídì súnmọ́ àwọn ènìyàn náà, ó sì kí wọn. Kí ó tó pín ohunkóhun ni ó ti kí wọn. Ìpín tí a jù sí ènìyàn láìsí ìkíni dàbí ìgbà tí a ń bọ́ adìyẹ. Àgbà fẹ́ kí a kí òun, kí a pe orúkọ òun, kí a sì jókòó.

2. Tábìlì kan, ara kan (1 Kọ́ríńtì 10:16-17, 11:17-34)

Àwọn kan lè béèrè pé, “Ṣé kì í ṣe ìjọ tí ó péjọ ni ó yẹ kí ó jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa? Ṣé a kò sọ ọ́ di ohun ìkọ̀kọ̀ bí a bá gbé e lọ sínú yàrá?” Ìbéèrè tí ó dára ni èyí. Àwa Onítẹ̀bọmi gbà pé ìlànà Olúwa ni Oúnjẹ náà jẹ́, pé ìjọ ni Olúwa fi í lé lọ́wọ́, àti pé kò sí agbára ìgbàlà nínú búrẹ́dì tàbí nínú ife. A kò gbà pé ẹnì kan lè jókòó sí kọ̀rọ̀ kí ó máa ṣe tirẹ̀ fún ara rẹ̀.

Àwọn baba ìgbàgbọ́ pàápàá jiyàn lórí èyí. Ní 1646, àwọn aṣíwájú tí ó péjọ sí Westminster ní Lọ́ńdọ̀nù kọ ọ́ sínú ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ wọn pé a kò gbọdọ̀ fi Oúnjẹ náà fún ẹni tí kò sí nínú ìpéjọpọ̀. Ohun tí wọ́n ń sá fún ni àṣà gbígbé búrẹ́dì kiri fún ìforíbalẹ̀ àti ààtò ìsìn tí àlùfáà ń dá ṣe. Àwọn Onítẹ̀bọmi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú ọ̀pọ̀ nǹkan nínú ìwé yẹn nígbà tí wọ́n kọ ìjẹ́wọ́ tiwọn ní 1677, èyí tí a mọ̀ jùlọ pẹ̀lú ọdún 1689. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tí ó dí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lọ́nà kò sí nínú tiwọn. Wọ́n kọ̀ láti bọ búrẹ́dì, síbẹ̀ wọn kò kọ ohun tí yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí àárẹ̀ mú.

Ẹ jẹ́ kí á wá béèrè ohun tí Pọ́ọ̀lù ń bá àwọn ará Kọ́ríńtì wí sí. Wọ́n péjọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti jẹun yó kí àwọn mìíràn tó rí nǹkan jẹ, wọ́n sì dójú ti àwọn tí kò ní. Pọ́ọ̀lù sọ pé èyí kì í ṣe Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa mọ́. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n máa dúró de ara wọn. Ìpéjọpọ̀ nìkan kò tó, bí àwọn tí ó péjọ kò bá ka àwọn tí kò ní oúnjẹ sí.

Bí ìyá àgbà kan bá jẹ́ ọmọ ìjọ, ara Kristi ni. Àìlera kò yọ ọ́ kúrò. Nítorí náà, nígbà tí a bá jẹ Oúnjẹ náà ní oṣù kan tẹ̀lé òmíràn, tí ọdún fi yí po, tí kò sí ẹni tí ó béèrè ìyá yìí, ìjọ tí ó péjọ ti ń jẹun láìdúró de ẹnì kejì. Ṣùgbọ́n bí àwọn ará bá gbé e láti orí tábìlì ìjọ, ní ọjọ́ kan náà, lẹ́yìn àdúrà ìjọ, tí wọ́n bá sì lọ jẹ ẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, tábìlì kan náà ni. A kàn fà á gùn títí ó fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìwé Númérì orí 9 jẹ́ kí á rí i pé Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ ti ronú nípa irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Àwọn ọkùnrin kan kò lè jẹ Ìrékọjá ní ọjọ́ rẹ̀. Wọ́n wá bá Mósè, wọ́n sì béèrè ìdí tí a ó fi yọ wọ́n sílẹ̀. Mósè kò dá wọn lóhùn láti inú ara rẹ̀. Ó bi Olúwa. Olúwa sì yan ọjọ́ mìíràn fún wọn nínú oṣù kejì. Òfin Ìrékọjá kò yí padà, ṣùgbọ́n a ṣí ọ̀nà fún ẹni tí ìdènà tòótọ́ dí lọ́wọ́.

3. Àpẹẹrẹ àwọn ará ìgbà àtijọ́

Ní nǹkan bí ọdún 155 lẹ́yìn ìbí Olúwa, Justin, ẹni tí a pa nígbẹ̀yìn nítorí ìgbàgbọ́, kọ ìwé sí olú-ọba Róòmù láti ṣàlàyé ohun tí àwọn Kristẹni ń ṣe nínú ìjọsìn wọn. Ó sọ nínú rẹ̀ pé lẹ́yìn tí ìjọ bá ti dúpẹ́, tí gbogbo wọn sì ti jẹ, àwọn díákónì a gbé nínú rẹ̀ lọ fún àwọn tí kò sí níbẹ̀. Èyí fi hàn pé kò pé 150 ọdún lẹ́yìn tí Olúwa gòkè re ọ̀run tí iṣẹ́ yìí ti wà lọ́wọ́ àwọn díákónì.

Ní nǹkan bí 100 ọdún lẹ́yìn èyí, Dionysius, alábòójútó ìjọ ní Alẹkisáńdíríà ní ilẹ̀ Íjíbítì, kọ lẹ́tà nípa bàbá àgbà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Serapion. Bàbá yìí ti rúbọ sí òrìṣà nígbà inúnibíni, ó sì ń bẹ̀bẹ̀ kí ìjọ gba òun padà. Àìsàn dá a dúbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kò lè sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin ó là lójú díẹ̀, ó sì rán ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ pe alàgbà ìjọ. Òru ni, alàgbà náà pẹ̀lú ń ṣàìsàn. Kò lè wá, ṣùgbọ́n ó fi búrẹ́dì díẹ̀ rán ọmọ náà, ó sì ní kí ó rẹ ẹ́ sínú omi kí ó sì kán an sí bàbá lẹ́nu. Ọmọ náà ṣe bẹ́ẹ̀, láìpẹ́ bàbá sì sùn nínú Olúwa.

A kò kọ́ni pé búrẹ́dì náà ni ó mú Serapion dé ọ̀run. Ẹ̀jẹ̀ Jésù ni ó ń wẹ ẹlẹ́ṣẹ̀ mọ́. Ohun tí a lè rí kọ́ ni pé alàgbà tí ó ń ṣàìsàn kò sọ pé kí ilẹ̀ mọ́ ná. Bàbá tí ó ti ṣubú rí i kí ó tó kú pé ìjọ kò tíì gbàgbé òun, ọmọ kékeré ni ó sì jẹ́ ìránṣẹ́ láàárín wọn.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa ju bí ó ti yé àwọn baba wa lọ. Ní 2020, nígbà tí àrùn kòrónà gbòde, a ti ilé ìsìn pa ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ilẹ̀ wa. Àwọn ọ̀dọ́ pẹ̀lú jókòó sílé ní Ọjọ́ Ìsinmi, orin ìjọ sì sọ wọ́n. A kígbe nígbà náà pé ó ti pẹ́ jù. Fún àwa, oṣù mélòó kan ni. Àwọn àgbà kan ti wà bẹ́ẹ̀ kí àrùn náà tó dé, wọ́n sì wà bẹ́ẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn tí a ṣí ilẹ̀kùn fún àwa yòókù.

4. Ta ni yóò ṣe iṣẹ́ náà? (Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 6:1-7)

Ní Jerúsálẹ́mù, àwọn opó kan ń gbẹ́yìn nínú ìpín oúnjẹ ojoojúmọ́. Ìjọ kò sọ pé kí wọ́n mú sùúrù. Àwọn Àpọ́sítélì pe gbogbo ọmọ ẹ̀yìn jọ, ìjọ sì yan ọkùnrin méje tí a ní ẹ̀rí rere nípa wọn. Èso rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run gbilẹ̀ sí i. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ìtọ́jú àwọn opó fa ìwàásù sẹ́yìn.

Láti ìgbà pípẹ́ ni a ti ń kọ́ àwọn díákónì Onítẹ̀bọmi pé tábìlì mẹ́ta ni wọ́n ń bójú tó: tábìlì Olúwa, tábìlì tálákà, àti tábìlì pásítọ̀. Ní ilé àgbà tí kò lè jáde, tábìlì Olúwa àti tábìlì tálákà pàdé. Díákónì tí ó gbé búrẹ́dì àti ife wọlé, tí kò wo inú ìkòkò bóyá oúnjẹ wà, tí kò béèrè bóyá òògùn ti tán, ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe. Kò gbọdọ̀ gbójú fo afárá pẹ̀lú. Bí ó bá ṣe pé pákó tí ó yọ ni ó sé ìyá mọ́lé, òòlù àti ìṣó ni ìyá yẹn kọ́kọ́ nílò lọ́wọ́ ìjọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì gan-an. A kò gbọdọ̀ fi Oúnjẹ tí a ń gbé lọ sílé ṣe àwáwí láti fi àgbà sílẹ̀ sílé. Nínú Máàkù orí 2, àwọn mẹ́rin gbé ẹni tí kò lè rìn, wọ́n sì dá òrùlé lu kí ó lè dé ọ̀dọ̀ Jésù. Dáfídì ránṣẹ́ lọ mú Mefibóṣẹ́tì tí ó yarọ ní ẹsẹ̀ méjèèjì wá láti Lódébárì, ó sì ń jẹun lórí tábìlì ọba. Nítorí náà, kí ìjọ kọ́kọ́ béèrè pé: Ṣé a lè gbé e wá? Àga, ọkọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin tí ó lágbára, àti ibi ìjókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn lè mú àgbà kan padà sí ilé ìsìn. Bí kò bá ṣeé ṣe, tàbí bí ara rẹ̀ kò bá gbà á, nígbà náà ni kí tábìlì lọ bá a.

5. Àwọn ohun tí a ní láti ṣọ́ra fún

(a) A kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di òògùn. Kí a má fi búrẹ́dì tí ó kù sábẹ́ ìrọ̀rí, kí a má sì fi ohun tí ó kù nínú ife pa ara. Kí a ṣàlàyé fún ìdílé pé ìrántí ikú Olúwa ni, pé kì í ṣe àmì pé ìyá ti fẹ́ kú. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí àìsàn bá le nìkan ni a ń gbé e lọ, ẹ̀rù yóò máa ba àwọn ará ilé nígbàkígbà tí wọ́n bá rí wa.

(b) Kí a má gbé ìwé owó ìjọ dání. Àgbà tí ó jẹ gbèsè owó ọdún mẹ́ta mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí a tó dé. Bí a bá dárúkọ owó ní ọjọ́ náà, yóò rò pé owó ni a fi ń gba ìpín níbi tábìlì Olúwa. Jésù ti san ohun tí tábìlì yẹn ná wa.

(d) Kí a fara balẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí ìgbàgbé ti mú. Àwọn kan béèrè pé, “Nígbà tí Olúwa ní kí á máa ṣe é ní ìrántí Òun, kí ni ẹni tí kò rántí orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́ yóò rántí?” Ẹ jẹ́ kí á kọ orin àtijọ́ kan tí ó mọ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí kò dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ yóò gba orin náà lẹ́nu wa. Bí kò bá tilẹ̀ gbà á, ó ti rántí Olúwa nígbà tí ọpọlọ rẹ̀ pé, ó sì jẹ́wọ́ Rẹ̀ nínú omi ìtẹ̀bọmi. Nísinsìnyí, kí ìjọ bá a rántí. Olúwa tí ó mọ àwọn tí í ṣe tirẹ̀ kò gbàgbé rẹ̀.

(e) Kí a ro ti ara rẹ̀. Kí a bi ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀ bí ó ti ń jẹun. Bí kò bá lè gbé oúnjẹ mì dáadáa, kí búrẹ́dì kéré gan-an, kí a sì rẹ ẹ́ sínú ife. Bí kò bá lè gbé ohunkóhun mì, kí a má fi ipá ṣe é. Kí a dì í lọ́wọ́ mú, kí a ka Bíbélì, kí a sì gbàdúrà. Olúwa kò ní kà á sí ẹni tí kò jẹ.

(ẹ) Kí a gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Òwe wa sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí àgbà kò bá lè wá sọ́jà mọ́, ẹ jẹ́ kí á gbé orí ọmọ tuntun lọ bá a. Kí a mú àwọn ọ̀dọ́ dání. Kí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kí obìnrin kúnlẹ̀, kí a sọ ìròyìn ìjọ fún un: ẹni tí ó bímọ, ẹni tí ó ṣègbéyàwó, ẹni tí òkun gbé ilé rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, kí òun gbàdúrà fún ìjọ. Ẹni tí ó ń súre kò ní máa ka ara rẹ̀ sí ẹrù fún ìjọ.

6. Ètò tí ìjọ lè ṣe

Ní àárín àwa Onítẹ̀bọmi, ìjọ kọ̀ọ̀kan ni ó ń pinnu irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ìdarí Ẹ̀mí Mímọ́. Nítorí náà, kí a mú un wá sí ìpàdé ìjọ, kí ó má ṣe jẹ́ àdáṣe pásítọ̀ tàbí ti díákónì kan. Ètò yìí lè ràn wá lọ́wọ́:

1. Kí akọ̀wé ìjọ kọ orúkọ gbogbo àgbà àti aláìlera tí kò lè wá, pẹ̀lú àwọn tí ó ti ṣí lọ sọ́dọ̀ ọmọ. Kí àwọn ìyá inú ìjọ wo ìwé náà, nítorí wọ́n mọ ilé ju ẹnikẹ́ni lọ.

2. Kí ìjọ yan ẹni méjì sí mẹ́rin fún ilé kọ̀ọ̀kan, kí díákónì kan wà nínú wọn, kí obìnrin sì wà pẹ̀lú wọn.

3. Ní ọjọ́ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, kí pásítọ̀ dárúkọ àwọn àgbà náà nínú àdúrà kí a tó bu búrẹ́dì, kí a sì rán àwọn tí ń lọ jáde níṣojú gbogbo ìjọ.

4. Kí búrẹ́dì àti ife wà nínú ohun èlò tí ó mọ́, tí ó sì ní ìdérí tí ó le. Ní ìlú omi, kí a wo ojú ọjọ́ àti bí omi ti rí kí a tó wọ ọkọ̀, kí gbogbo ẹni tí ń lọ sì wọ ẹ̀wù ìlẹ́fòó. Olúwa kò béèrè pé kí a fi ẹ̀mí wéwu nínú ìjì nígbà tí a lè lọ ní ọjọ́ kejì.

5. Ní ilé náà, kí a kí àgbà, kí a ka Bíbélì, kí a kọrin kan, kí a dúpẹ́, kí a sì jẹ ẹ́ pọ̀. Kí a má kánjú, kí a má sì pẹ́ títí yóò fi rẹ̀ ẹ́.

6. Ní Ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, kí a jíṣẹ́ fún ìjọ, kí a sì sọ àdúrà tí àgbà náà gbà fún wọn.

Fún àgbà tí ó ti jìnnà réré, kí ìjọ kọ̀wé tàbí kí ó fóònù sí ìjọ tí ó wà nítòsí rẹ̀ kí wọ́n lè bẹ̀ ẹ́ wò.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìdí tí Dáfídì fi sọ pé kí ìpín àwọn tí ó dúró lẹ́bàá odò dọ́gba pẹ̀lú ti àwọn tí ó lọ sójú ogun?

2. Ìyàtọ̀ wo ni ó wà láàárín kí ẹnì kan dá Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ṣe fún ara rẹ̀ àti kí ìjọ gbé e lọ bá ọmọ ìjọ tí kò lè wá?

3. Ẹ dárúkọ àwọn àgbà ìjọ yín tí ẹ kò rí fún oṣù mẹ́ta. Ta ni ó mọ ohun tí ó dá olúkúlùkù wọn dúró?

4. Nínú wọn, mélòó ni ó lè tún wá bí a bá tún afárá tàbí àtẹ̀gùn ṣe, tàbí bí a bá rí ẹni gbé wọn?

5. Báwo ni a ṣe lè ran ìdílé lọ́wọ́ kí wọ́n má ka Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa sí òògùn tàbí sí àmì ikú?

OHUN ṢÍṢE FÚN Ọ̀SẸ̀ YÌÍ

Kí kíláàsì yan àgbà kan tí kò lè jáde. Kí ẹni méjì lọ kí i kí Ọjọ́ Ìsinmi mìíràn tó dé. Kí wọ́n má mú búrẹ́dì tàbí ife lọ ní ìgbà àkọ́kọ́ yìí. Kí wọ́n kàn lọ jókòó tì í, kí wọ́n bi í bóyá ó ń fẹ́ kí ìjọ máa gbé Oúnjẹ náà wá, kí wọ́n sì wo ọ̀nà tí ó gba ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀. Kí wọ́n mú èsì padà wá fún kíláàsì, kí olùkọ́ sì bá pásítọ̀ sọ ọ́.

FÚN OLÙKỌ́

Ó ṣeé ṣe kí àgbà kan wà nínú kíláàsì rẹ tí ó mọ̀ pé ọjọ́ tí òun kò ní lè wá mọ́ ti súnmọ́lé. Má ṣe kọ́ ẹ̀kọ́ yìí bí ẹni pé àwọn àgbà kò sí níbẹ̀. Bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń fẹ́ kí ìjọ ṣe fún wọn ní ọjọ́ náà, kí o sì kọ èsì wọn sílẹ̀.

ÀDÚRÀ

Olúwa, Ìwọ tí o kò ta àgbà nù ní ìgbà ogbó rẹ̀, dárí jì wá fún gbogbo ìgbà tí a sọ pé ó kárí nígbà tí kò kárí. Fi ilé tí a gbàgbé hàn wá. Fún wa ní ẹsẹ̀ tí yóò lọ, ọwọ́ tí yóò tún ọ̀nà ṣe, àti ọkàn tí yóò jókòó tini. Pa àwọn ará wa tí ó wà létíkun mọ́ lọ́wọ́ ríru omi. Mú gbogbo wa, àtọmọdé àtàgbà, dé ibi tábìlì Rẹ ní ìjọba Rẹ, níbi tí àárẹ̀ kò ní dá ẹnikẹ́ni dúró mọ́. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.